Ẹni Tó Jí Ohùn Aláago

"Wọ́n ti jí ohùn ọkọ mi gbé," ni ìyá náà wí.

Mo gbé bírò mi sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn káńtà ọlọ́pàá, kò sì sí ohun tí wọn ò tíì wá sọ fún mi pé olè gbé. Ọkùnrin kan wá sọ pé wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé òun lọ nígbà tí òun wà nínú ilé tí òun ń sùn. Ṣùgbọ́n ohùn kọ́. Mo wo ọmọbìnrin tó tẹ̀lé ìyá náà wá, bóyá ó lè bá mi tú ọ̀rọ̀ yẹn palẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ni òun ń wò.

"Màmá, ohùn wo?"

"Ohùn ọkọ mi. Àbí etí yín di ni?"

"Níbo ni ọkọ yín wà báyìí?"

"Ó ti kú láti ọdún méjìlélógún."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ọlọ́run ló yọ mí tí ọ̀gá mi fi ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lásìkò yẹn. Ìnísípẹ́kítọ̀ ni, obìnrin kúkurú kan tí kì í gbé ohùn sókè. Farabalẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí olè bá ń sá lọ, "Ẹ fara balẹ̀." Bí òrùlé bá ń jò sórí fáìlì, "Ẹ fara balẹ̀." Ó máa ń bí mi nínú púpọ̀, àmọ́ mi ò tíì rí ẹjọ́ tó kan ọwọ́ rẹ̀ tí kò yanjú.

Ó fa àga fún ìyá náà, ó fa tirẹ̀ náà, ó jókòó tì í. "Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù yín. A ò kánjú."

Èmi ń kánjú ní tèmi, ebi ń pa mí. Àmọ́ ta ló bi mí?

Ìyá náà yọ páálí kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Rọ́ọ̀lù téèpù kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tó rí roboto tó sì fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, irú tí wọ́n ń lò kí kásẹ́ẹ̀tì tó gbòde. Ó ní aláago ni ọkọ òun, ẹni tó ń tún aago ṣe. Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ra rẹ́kọ́dà àlòkù kan, ó sì fi gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Ikú rẹ̀ kò tíì pẹ́ tí rẹ́kọ́dà náà fi bàjẹ́, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìlú. Láti ìgbà náà ni rọ́ọ̀lù yẹn ti wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí ìyá. Ó máa ń yọ ọ́ wò, ó máa ń nù ún, á tún dá a padà.

"Ọmọ mi ọkùnrin wà lókè òkun," ó ní. "Ó rí irú rẹ́kọ́dà yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù. Ó rà á, ó ra ampílífáyà àti sípíkà méjì mọ́ ọn, ó kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní iná tọ̀hún kò lágbára tó tiwa. Àádọ́fà fóòtì ni tiwọn, igba ó lé ogún ni tiwa. Ó ní ká má kàn kì í bọ ara ògiri o, pé á jó. Ni Onírédíò àdúgbò wa bá wá gbé tíráńsífọ́mà sí i, èyí tó ń bu iná kù. Ó gba rọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ tún un nù, ó gbé e sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àná ló wá tan ẹ̀rọ náà fún wa."

"Ó jó?" ni Farabalẹ̀ bi í.

"Kò jó. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹlòmíràn ló kàn ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀."

"Màmá," ọmọbìnrin náà sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Dádì ni."

"Kì í ṣe òun!" Ìyá náà yíjú sí ọ̀gá mi. "Ọmọ mi, gbọ́. Ohùn ọkọ mi tín-ín-rín, ó sì máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, ohùn ẹ̀ ki, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ń pè mí ní Aláròyé. Ọkọ mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Olè yẹn ti gbọ́ ti gidi, ó wá ń sín in jẹ."

Ó gbé páálí náà lé ọ̀gá mi lọ́wọ́.

"Àwọn ọmọ mi ní ogbó ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ní òun ni. Tó bá jẹ́ òun ni lóòótọ́, a jẹ́ pé mo ti gbàgbé ọkọ mi nìyẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi gbé pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá olè náà. Ó sàn kí olè wà."

Ebi tó ń pa mí kò pa mí mọ́. Mo mú fìlà mi.

*

Ilé oníyàrá méjì ni, ó mọ́ tónítóní. Nínú pálọ̀, wọ́n ti to ẹ̀rọ náà sórí tábìlì gígùn: rẹ́kọ́dà onírọ́ọ̀lù níwájú, ampílífáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sípíkà lọ́tùn-ún lósì. Nísàlẹ̀, tíráńsífọ́mà kan tó wúwo bí òkúta ọlọ ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnìkan ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ògiri lókè ṣókẹ́ẹ̀tì pé: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ YỌ Ọ́. Aago onípẹ́ńdúlọ́ọ̀mù kan, èyí tí irin ń fì nínú rẹ̀, wà lára ògiri kejì, igi rẹ̀ ń dán, ó ń lù kẹ́ú, kẹ́ú, kẹ́ú.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn," ni ìyá náà wí nígbà tó rí i pé ọ̀gá mi ń wò ó. "Òun fúnra ẹ̀ ló tò ó. Ìlù kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó máa ń sọ pé aago tó bá fi ìlù kan ṣòfò, olè ni. Èmi ni mò ń wáyìn ẹ̀ lárààárọ̀."

"Kò fà sẹ́yìn rí?"

"Aago ọkọ mi kẹ̀? Kò fà rí!"

Farabalẹ̀ ní kí wọ́n tan rẹ́kọ́dà náà. Ọmọbìnrin náà fi rọ́ọ̀lù sí i, ó tẹ bọ́tìnnì. Ariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan, ó ki, ó sì fà:

"Aláròyé mi… mo ti ra ẹ̀rọ tí o ní kí n má rà…"

Ìyá náà fi ọwọ́ bo ojú. Èmi ń wo àwọn tó wà nínú yàrá, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbàdúrà. Nínú sípíkà, aago kan ń lù jìnnà jìnnà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Nígbà tó yá, ó dún fún wákàtí, gáún, gáún, lẹ́yìn náà ó kọsẹ̀ díẹ̀ kó tó dún ẹ̀kẹta.

"Ẹ pa á," ni Farabalẹ̀ wí. Ó wo aago ara ògiri fún ìgbà pípẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ níta."

*

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dúró sí, níbi okùn aṣọ. Mo dúró létí ìlẹ̀kùn. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe òfófó.

"Ó dá ọ lójú pé bàbá yín ni?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà tó kú?"

Ọmọbìnrin náà di okùn aṣọ mú. "Méje."

"O rántí ohùn ẹ̀?"

Omi kọ́kọ́ lé ròrò lójú rẹ̀, ó wá ń dà. "Mi ò rántí, mà. Mo rántí ọwọ́ ẹ̀. Mo rántí òórùn òróró aago. Ohùn ẹ̀ ti bọ́ lórí mi láti kékeré, mi ò sì lè sọ fún Màmá. Èyí tó jáde láàná yìí, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí kò sí òmíràn lọ́wọ́ mi. Tí Màmá bá wá ní kì í ṣe òun, èmi ò ní bàbá kankan tó sọ̀rọ̀ rí nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà lókè òkun ńkọ́?"

"A gbé fóònù sí ibi sípíkà kó lè gbọ́. Ó ní ó jọ ọ́. Ó tún ní kò jọ ọ́. Ni òun náà bá ń sunkún."

Farabalẹ̀ yọ áńkáṣífù tirẹ̀ fún un. "Ta ló wọ ilé yín láti ìgbà tí rọ́ọ̀lù ti kúrò nínú àpótí?"

"Onírédíò nìkan, mà."

Mo ti ń yẹ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìdí mi wò.

*

Ṣọ́ọ̀bù Onírédíò kò ju yàrá ìwẹ̀ lọ. Rédíò tí wọ́n tú ìfun wọn síta kún orí pẹpẹ, wáyà so rọ̀ ní gbogbo ibi. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan ni, ó wọ awò ojú méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó dé àdúgbò náà, nítorí náà kò mọ aláago lójú ayé.

Ojú mi kọ́kọ́ lọ sí páálí rọ́ọ̀lù tí ìyá fún wa. Ó tuntun jù. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn náà tuntun, lẹ́tà gàdàgbà tó wà lára rẹ̀ sì jọ ti ara ògiri pálọ̀.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Páálí àtijọ́ dà?"

"Eku ti jẹ etí ẹ̀, sà. Òun nìyí." Ó fà á yọ nísàlẹ̀ pẹpẹ lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ehín eku wà lára rẹ̀. "Mo fẹ́ fún Màmá padà. Mi ò lè ju ohun tí olóògbé kọ lẹ́tà sí nù."

Ó dára. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kí ni mo rí? Rọ́ọ̀lù òfìfo kan, tó bá ti ìyá dọ́gba rẹ́gí, kò sí téèpù kankan lára rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo gbé e sókè kí ọ̀gá mi lè rí i.

"Téèpù tó wà lára èyí dà? Ta lo tà á fún?"

Onírédíò wò mí tìyanutìyanu. "Sà, méjì irú ẹ̀ ló bá ẹ̀rọ náà wá láti òkè òkun. Òfìfo ni wọ́n. Bí ẹ̀rọ yìí bá ń ṣiṣẹ́, téèpù á máa tú lára rọ́ọ̀lù kan, á máa wé mọ́ òfìfo kan. Ọ̀kan wà lórí ẹ̀rọ. Èyí ni àfikún."

Mo rántí pé mo ti fojú ara mi rí ọ̀kan tó ń wé nílé ìyá. Mo rọra dá a padà sínú dúrọ́ọ̀. Farabalẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá," ó sọ fún Onírédíò. "Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin náà tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó fi òwú mú ẹ̀gbin kúrò lára téèpù náà ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi gba ọjọ́ mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló yan tíráńsífọ́mà. "Mo ti rí ẹ̀rọ òkè òkun tó kú lójijì, mà. Wọ́n á rà á, wọ́n á kó ìdùnnú wá sílé, wọ́n á kì í bọ ṣókẹ́ẹ̀tì. Páù! Èéfín nìkan ni orin tí wọ́n á gbọ́. Mo búra pé ti Màmá yìí kò ní jó. Mo fi mítà wọn iná ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àádọ́fà géérégé ló ń jáde." Ohùn rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀. "Nígbà tí ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo rò pé Màmá á fò mọ́ mi. Ó wò mí bí ẹni tó wo apànìyàn. Mi ò tíì jẹun láti àná."

"Ṣé kí n gbé e, mà?" mo bi ọ̀gá mi.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," ó dá mi lóhùn. "A ti gbọ́ ti ìyá, ti ọmọ àti ti Onírédíò. Ó ku ẹnìkan tí a ò tíì bi léèrè. Ọ̀gá Onírédíò, ẹ kó irinṣẹ́ yín, ẹ tẹ̀ lé wa."

"Ta ló kù?" mo bi í lójú ọ̀nà.

"Aago."

*

Nígbà tí a padà dé pálọ̀, Farabalẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn jókòó. Ìyá náà kọ̀ láti wo apá ibi tí Onírédíò wà.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ yọ aago ọwọ́ yín. Ẹ ka ìlù aago ara ògiri yẹn fún ìṣẹ́jú kan."

Mo kà á. Ọgọ́ta ni, kò lé, kò dín.

"Ẹ tan ẹ̀rọ. Ẹ má gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Aago ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kà."

Ó ṣòro díẹ̀, mo ní láti tẹ́ etí mọ́ sípíkà. Àádọ́ta. Mo rò pé mo ṣì í kà. Mo tún un kà. Àádọ́ta.

Ó ti yé mi! Mo dìde. "Ọ̀gá, a ti mú un! Aago ilé yìí kì í fà, ti inú téèpù ń fà. Aago mìíràn ni. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ibi tí a bá ti rí aago tó ń lu àádọ́ta, ibẹ̀ ni olè wà!"

Ìyá náà mi orí. "Mo wí bẹ́ẹ̀!" Onírédíò sún mọ́ ògiri.

"Ẹ fara balẹ̀," ni Farabalẹ̀ wí. Ó wo ara ògiri. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù. A jókòó bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Nígbà tó tó àkókò, aago aláago dún: gáún, gáún. Ó kọsẹ̀. Gáún.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìkọsẹ̀ yẹn nínú sípíkà.

"Ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́," ìyá náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́. "Ehín kan ló kán nínú ẹ̀. Ó ní òun ò ní pààrọ̀ ẹ̀, pé kò ba àkókò jẹ́, pé ó dà bí ẹni tó ń mí sínú kó tó sọ̀rọ̀."

"Nítorí náà, aago yìí kan náà ni, yàrá yìí kan náà ni," ni Farabalẹ̀ wí. "Ta ló tún lè jókòó síbí kó gba ohùn sílẹ̀? Ọmọ yín sọ òótọ́ pé téèpù bàbá òun ni. Ẹ̀yin náà sọ òótọ́, Màmá, pé kì í ṣe ohùn ọkọ yín. Onírédíò náà kò purọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tó ń purọ́ láàárín yín, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n aago tí kì í fi ìlù kan ṣòfò ti fi mẹ́wàá ṣòfò nínú ìṣẹ́jú kan. Ohun tó bá fa aago sẹ́yìn á fa ohùn tó wà pẹ̀lú ẹ̀ sẹ́yìn. Ohùn tó bá sì fà sẹ́yìn, á ki, á wúwo. Ẹ̀rọ yìí ló ń rìn jẹ́jẹ́ jù."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, mà," ni Onírédíò wí. "Iná ẹ̀ pé. Mo wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ sí mi. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ó ti awò méjèèjì sókè, ó tẹ̀ ba. "Àádọ́fà fóòtì. Bí mo ṣe wí."

"Kí ló tẹ̀ lé e?"

"Ọgọ́ta…" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo jí i."

Mo na ọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Farabalẹ̀ wò mí, mo fà á padà.

Onírédíò ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Iná ní agbára, ó tún ní ìlù, bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù. Ìlú ọ̀hún, ìgbà ọgọ́ta ni iná wọn ń lù nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa, ìgbà àádọ́ta. Tíráńsífọ́mà lè bu agbára iná kù, àmọ́ kò lè fi kún ìlù rẹ̀. Ampílífáyà kò bìkítà, torí òun kì í yí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí rọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ náà bá, ìlù iná ló ń jó sí. A fún un ní àádọ́ta, ó sì jó àádọ́ta.

"Gbogbo wa ni ẹ̀rù iná ń bà," ó ní. "Ká má sun ún, ká má sun ún. Bí mo ṣe rí fóòtì, mi ò ka ohun tó kù. Bó bá jẹ́ rédíò ni, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Rédíò ni iṣẹ́ mi."

Ìyá náà ń wo rọ́ọ̀lù tó wà lórí ẹ̀rọ.

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ọkọ mi wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Pé mi ò gbàgbé ẹ̀?"

Farabalẹ̀ ló dá a lóhùn. "Màmá, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ, ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lára ẹ̀. Etí yín mọ ìdá kan nínú mẹ́fà tó dín. Ta ló tún lè rántí ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

*

Onírédíò ní ẹni tó ń gbẹ́ irin lè gbẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó nípọn díẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, pé á gba ọ̀sẹ̀ kan. Ó wo ojú ìyá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú nǹkan kan ná."

Ó tú ìdérí ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ kan tí kò ju orí ìka lọ wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yí i, okùn rọ́bà kan sì ti ara rẹ̀ lọ sí ara kẹ̀kẹ́ ńlá. Ó ní bí ti kékeré yẹn bá sanra sí i, ti ńlá á yára sí i. Ó yọ rọ́bà dúdú alẹ̀mọ́ tí àwọn oníná fi ń di wáyà, ó gé e tín-ín-rín, ó wé e mọ́ ọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tan ẹ̀rọ. Èmi ni mò ń kà.

"Mẹ́tàléláàádọ́ta," mo ní.

Ó pa á, ó tún wé e. Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ tì í, ó ń bá a mú iná tọ́ọ̀ṣì.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

Ohùn náà ti ń yí padà. Mo rí i pé ìyá ti sún síwájú lórí àga rẹ̀.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ti pọ̀ jù!"

"Ẹ fara balẹ̀," ni Onírédíò wí, ọ̀gá mi sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ṣí díẹ̀ kúrò lára rọ́bà, ó gé e, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó dá rọ́ọ̀lù padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gbé aago ọwọ́ mi sókè, àmọ́ n kò kà á. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kà mọ́. Aago ara ògiri lù, ti inú sípíkà dáhùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹsẹ̀ ènìyàn méjì tó ń rìn lọ pọ̀. Kò sí èyí tó ń fi èkejì sílẹ̀.

Ohùn kan jáde wá. Ó tín-ín-rín, ó ń yára, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Aláròyé mi, mo ti ra ẹ̀rọ tí o ní kí n má rà. O wà ní ilé ìdáná, ò ń bínú, mò ń gbọ́ bí o ṣe ń gbá ìkòkò. Máa gbá a lọ. Lọ́jọ́ kan o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ wa obìnrin ń sùn lórí itan mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dìde wá bẹ̀ ọ́. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà fi orí lé etí tábìlì. Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga, kò sẹ́ni tó mú un.

Nínú sípíkà, kò sí ìdáhùn. Aago nìkan ló ń lù. Ọkùnrin náà ń dúró.

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn," ni ìyá wí fún wa, kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa. "Mo dúró sí ilé ìdáná, mo gbọ́ ọ kedere. Mo bínú, mi ò dá a lóhùn."

"Aláròyé," ni ohùn náà tún pè, jẹ́jẹ́ báyìí, torí ọmọ tó ń sùn. "Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ìyá náà dìde dúró. Ó tún ìró rẹ̀ dì, ó lọ dúró níwájú sípíkà.

"Mò ń gbọ́ yín," ó ní. "Mò ń gbọ́ yín, Bàbá àwọn ọmọ."

Kò pẹ́ tí rọ́ọ̀lù náà fi tán, tó ń yí lófìfo, tí ìdí téèpù ń gbá ara ẹ̀rọ pátípátí. Onírédíò na ọwọ́ láti pa á. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì wá wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Lọ jẹun ná, ọmọ mi, oúnjẹ wà ní ilé ìdáná," ó ní. "Tí o bá jẹun tán, bá mi dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn gbogbo ẹ̀."